Ẹṣin Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Níbi Tí Ọwọ́ Bá Ti Dẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́, kì í sì í ṣe ti eré ìje. Èyí tí ènìyàn ń gùn ni mo ní lọ́kàn, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ kó tó gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó lé òun lẹ́yìn.

Àwọn kan nínú yín á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tokyo ní oṣù kẹjọ ọdún 2021. Eré kan wà nínú ìdíje Òlíńpíìkì nígbà náà tí wọ́n pa eré márùn-ún pọ̀ sójú kan: idà, ìlúwẹ̀ẹ́, ẹṣin gígùn, ìbọn yínyìn àti eré sísá. Obìnrin ará Jámánì kan, Annika Schleu, ló ń léwájú, ó sì ti fi àwọn yòókù sílẹ̀ dáadáa nígbà tó kan ẹṣin gígùn. Ẹṣin tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ ń jẹ́ Saint Boy. Igi ìdènà wà níwájú tó yẹ kó fò, ẹṣin náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ń pòòyì, ó ń fà sẹ́yìn, ó ń ju orí. Obìnrin náà ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi pàṣán nà án, ó ń gún un ní kẹ́sẹ́. Kim Raisner, olùkọ́ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn ọgbà, ń pariwo pé kó nà án dáadáa, òun fúnra rẹ̀ sì na apá kọjá ọgbà, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ẹṣin náà. Tẹlifíṣọ̀n gbé e káàkiri ayé. Ẹni tó wà ní ipò kìíní bá ara rẹ̀ ní ipò 31, wọ́n sì lé olùkọ́ náà kúrò níbi ìdíje.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wo fídíò yẹn kò mọ̀. Nínú eré náà nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń mú ẹṣin tirẹ̀ wá. Ìbò ni wọ́n máa ń dì, ìṣẹ́jú 20 péré ni wọ́n sì ń fún ènìyàn àti ẹṣin láti mọ ara wọn. Ṣáájú Schleu, Saint Boy ti gbé obìnrin ará Rọ́ṣíà kan lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó sì ti kọ̀ fún òun náà. Ara ẹṣin yẹn kò balẹ̀ kí pàṣán tó dé. Ní tèmi, ẹ̀bi àwọn tó ṣòfin ìṣẹ́jú 20 pọ̀ ju ti obìnrin tó ń sunkún yẹn lọ. Ariwo náà pọ̀ débi pé àjọ tó ń darí eré ọ̀hún yọ ẹṣin kúrò pátápátá. Paris 2024 ni wọ́n ti gùn ún kẹ́yìn nínú rẹ̀.

Bí mo bá bi yín pé kí ló burú nínú ohun tí wọ́n ṣe sí Saint Boy, ẹ ó ní ìwà ìkà ni. Òótọ́ ni. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un: kò wúlò. Ká tiẹ̀ ní a ò láàánú kankan lójú, ká ní kí ẹṣin ṣáà ti fò ni tiwa, pàṣán ọjọ́ yẹn kò lè mú un fò láéláé. Ìdí rẹ̀ ni mo wá ṣàlàyé.

Ẹran tí ẹran mìíràn ń pa jẹ ni ẹṣin, gbogbo ara rẹ̀ ló sì fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, kò kọjú síwájú bíi tiwa, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí yíká ara rẹ̀ tán. Ibi díẹ̀ tí kò rí ni ẹ̀yìn ìrù rẹ̀ gan-an àti ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀. Etí rẹ̀ ọ̀tún lè máa gbọ́ ti iwájú kí tòsì máa gbọ́ ti ẹ̀yìn. Bí eṣinṣin kan ṣoṣo bá bà lé e ní ìhà, ojú ibẹ̀ nìkan ló máa gbọ̀n. Ẹsẹ̀ ni ààbò rẹ̀ àkọ́kọ́: yóò kọ́kọ́ sá ná, kó tó wẹ̀yìn wo ohun tó lé e. Ìgbà tí kò bá rọ́nà sá ni ó ń tàpá, tí ó ń géni jẹ. Àwa wá ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí kìnnìún máa ń fò mọ́ gan-an, la fẹ́ jókòó sí.

Bí ẹranko yìí ṣe ń kíyè sí nǹkan tó, ẹṣin kan tó ń jẹ́ Hans ló fi han ayé. Ní Berlin, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, tísà ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì, Wilhelm von Osten, sọ pé òun ti kọ́ ẹṣin òun ní ìṣirò. Wọ́n á bi Hans pé mélòó ni méjì àti mẹ́ta, Hans á fi pátákò ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, á sì dúró. Èrò ń wọ́ tìrítìrí lọ wò ó. Onímọ̀ kan, Oskar Pfungst, wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1907. Ó rí i pé bí ẹni tó ń béèrè kò bá mọ ìdáhùn, Hans náà kò ní mọ̀ ọ́n. Bí Hans kò bá rí ẹni náà, ó parí. Ẹṣin náà kò mọ ìṣirò kankan. Ohun tó ń wò ni orí ẹni tó béèrè, tó máa ń gbé sókè díẹ̀ báyìí láìmọ̀ nígbà tí iye náà bá pé. Ojú àwọn ènìyàn kò rí i. Ẹṣin rí i.

Àwọn kan fi Hans ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní pé ẹ̀tàn ni. Ní tèmi o, ẹranko tó lè ka mímì orí tó kéré tó bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi kòbókò ṣe?

Ọ̀rọ̀ náà kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó ti lé ní 2,300 ọdún tí Xenophon, jagunjagun ará Gíríìkì tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Socrates, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa ẹṣin gígùn. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìbínú sún mọ́ ẹṣin. Ó ní bí ẹṣin bá ń bẹ̀rù nǹkan kan, kí wọ́n rọra mú un dé ìdí ohun náà kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹni tó bá ń nà án níbẹ̀ ń dá kún ẹ̀rù rẹ̀ ni, nítorí ẹṣin á gbà pé ohun tí òun ń wò yẹn gan-an ló ń dun òun. Ẹ padà sí Tokyo. Igi ìdènà wà níwájú Saint Boy; gbogbo ìgbà tó bá kọjú sí i, pàṣán bà á. Kí ni ẹ rò pé ẹṣin náà ń kọ́ nípa igi yẹn?

Àmọ́ ẹ má wulẹ̀ sọ Xenophon di ẹni mímọ́. Nínú ìwé kan náà ló ti ṣàpèjúwe ìjánu onírin ṣóńṣó-ṣóńṣó tí wọ́n á kọ́kọ́ fi sí ẹṣin lẹ́nu, kó lè mọyì èyí tó dán nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, ayé yí padà. Ní 1550, ọlọ́lá kan ní Naples ní ilẹ̀ Ítálì, Federico Grisone, tẹ ìwé kan tó di ìlúmọ̀ọ́ká ní Yúróòpù, tí wọ́n túmọ̀ sí èdè púpọ̀. Bí ẹṣin bá kọ̀ tí kò lọ, Grisone ní kí wọ́n so ológbò tí inú ń bí mọ́ orí ọ̀pá gígùn kí wọ́n fi máa tì í láàárín itan ẹ̀yìn. Ó ní wọ́n lè so ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún lára mọ́ abẹ́ ìrù rẹ̀, tàbí kí wọ́n dáná koríko sí i nídìí. Ẹni kan náà yìí ló sì ní kí wọ́n máa fọwọ́ pa á lọ́rùn bó bá ṣe dáadáa! Antoine de Pluvinel, ará Faransé tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Ítálì níbẹ̀, padà wá dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Paris ní 1594 lórí ọ̀nà mìíràn: sùúrù, ìyìn, kí wọ́n má sì jẹ́ kó sú ẹṣin. Òun ló kọ́ ọba Louis Kẹtàlá ní ẹṣin gígùn. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ìwé rẹ̀ jáde, ní 1623.

Ẹni tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀ ni John Rarey, ọmọ Amẹ́ríkà láti ìpínlẹ̀ Ohio. Ní 1858 ó lọ sí Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó ní òun lè tu ẹṣin tó bá burú jù lójú. Wọ́n ní kó lọ gbìyànjú Cruiser wò, akọ ẹṣin tó burú débi pé irin ni wọ́n fi dì í lẹ́nu kó má baà gé ènìyàn jẹ. Rarey wọlé tọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa jáde lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, Cruiser ti ń tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́. Ọbabìnrin Victoria pàápàá wò ó níbi iṣẹ́. Rarey kò lu ẹṣin, kò sì pariwo mọ́ ọn, ni gbogbo ayé bá ní ọ̀nà pẹ̀lẹ́ ti dé.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. Ó máa ń ká ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, á fi ìgbànú awọ dì í mọ́ ara rẹ̀. Á tún fi ìgbànú kejì sí ẹsẹ̀ kejì. Bí ẹṣin bá fẹ́ rìn, á fa ìyẹn náà sókè, ẹṣin á kúnlẹ̀. Á jà, á fò, òógùn á bò ó, títí agbára rẹ̀ fi máa tán tí á dùbúlẹ̀. Ìgbà náà ni Rarey máa wá fọwọ́ pa á lára láti orí dé ìrù, á jókòó lé e, á gbé pátákò rẹ̀ wò, kódà á lùlù lé e lórí.

Ṣé pẹ̀lẹ́ nìyẹn? Mo mọ̀ pé ó sàn ju ti ológbò orí ọ̀pá. Síbẹ̀, ẹran tó ń gbé ara lé sísá, tí wọ́n wá gba ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sì dùbúlẹ̀, ti gbà pé ikú dé ni. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tó ti sọ ìrètí nù náà sì wà. Ní 1967, Martin Seligman àti Steven Maier fi ajá ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà: àwọn ajá tí iná mànàmáná gbe léraléra níbi tí wọn kò ti rọ́nà sá, nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà fún wọn lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ wọn jókòó síbẹ̀ ni, wọ́n ń sunkún. Ẹṣin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ẹṣin jẹ́jẹ́, tí kì í mi ojú, tí kì í mi etí, kó máà jẹ́ irú èyí ni.

Nítorí náà, kí á má kàn béèrè bóyá pàṣán wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ohun tó yẹ ká béèrè ni: nígbà wo ni ìnira náà dáwọ́ dúró?

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílẹ̀. Ọmọ ẹṣin kan rèé tí kò tíì mọ nǹkan kan. Ẹ so okùn mọ́ ọn lórí, ẹ fẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀, ẹ fa okùn náà, kì í ṣe fífà tí iṣan á yọ lápá, kí okùn ṣáà ti le díẹ̀ ni. Ẹ dúró. Ó gbé orí sókè. Ẹ ò tú u. Ó fà sẹ́yìn. Ẹ bá a lọ, okùn kò le ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì dẹ̀. Ó wọ̀tún, ó wòsì. Ó wá tẹ ara síwájú díẹ̀. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ o, ó kàn tẹ̀ síwájú ni. Lójú ẹsẹ̀ yẹn gan-an, kí okùn dẹ̀ jọ̀ọ́. Ẹ má fà á mọ́, ẹ jẹ́ kó mí. Ẹ ó rí i tí ètè rẹ̀ á máa lọ sókè sódò bí ẹni ń jẹ nǹkan, orí á sì rọ̀ wálẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún fà á, kò ní pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó máa dé ibi tí á ti gbéra kí okùn tó le rárá, torí ó ti rí ọwọ́ yín tó ń gòkè.

Fífà okùn kọ́ ló kọ́ ọ. Dídẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹṣin ń so ìtura mọ́ ohun tí òun ń ṣe nígbà tí ìtura dé, kì í ṣe ohun tó ṣe ṣáájú ìgbà náà. Bí ọwọ́ yín bá dẹ̀ nígbà tó ń ju orí, ẹ ti kọ́ ọ láti máa ju orí nìyẹn, ẹ má sì bínú sí i lọ́la.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ọmọ lè jókòó lálẹ́ kó ronú ìdí tí bàbá rẹ̀ fi nà án lọ́sàn-án. Ẹṣin kò ní irú ìrònú bẹ́ẹ̀. Kárọ́ọ̀tì tí ẹ bá gbé fún un ní ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ lásán ni. Kò mọ̀ pé ti fífò tó fò láàárọ̀ ni. Inà tí ẹ nà án lẹ́yìn tó ti gbé yín ṣubú náà, kò mọ ohun tó wà fún.

A lè wá lóye Tokyo báyìí. Ọwọ́ obìnrin yẹn ń fa ìjánu sẹ́yìn torí ẹ̀rù ń bà á, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́sẹ́ àti pàṣán ń lé ẹṣin náà síwájú. Ọwọ́ ní kó dúró, ẹsẹ̀ ní kó máa lọ. Èyí tó bá ṣe, ibì kan á máa dùn ún. Kò sí ohun kan tí Saint Boy lè ṣe lórí pápá yẹn tí ara á fi tù ú. Ìdí tí pàṣán kò fi lè mú un fò nìyẹn.

Kí ẹ má sì rò pé àwọn tó mọ̀ jù lọ ti bọ́ nínú àṣìṣe yìí. Ní 2024, kété kí Òlíńpíìkì Paris tó bẹ̀rẹ̀, fídíò kan jáde níbi tí Charlotte Dujardin, ọmọ Ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó ti gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì mẹ́fà, ti ń fi pàṣán na ẹsẹ̀ ẹṣin léraléra níbi tó ti ń kọ́ ẹlòmíràn. Kò lọ sí Paris mọ́, àjọ ẹlẹ́ṣin àgbáyé sì fòfin dè é fún ọdún kan.

Àwọn onípẹ̀lẹ́ náà ní àléébù tiwọn. Àwọn kan wà tí wọn kì í fẹ́ kí nǹkankan ni ẹṣin lára rárá, kárọ́ọ̀tì ni ṣáá. Ẹran tó wọ̀n ju 300 kílò lọ, tó ti mọ̀ pé àpò ṣòkòtò ènìyàn ni oúnjẹ ń gbé, yóò wá a kiri pẹ̀lú eyín. Oúnjẹ wúlò láti fi kọ́ ẹṣin, àmọ́ àfi kó bọ́ sí ẹnu rẹ̀ ní àkókò tó yẹ gẹ́lẹ́, bíi ti okùn tó dẹ̀.

Níbí yìí ni mo ti fẹ́ wọlé wá sí ọ̀dọ̀ tiwa. Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin láti ìbẹ̀rẹ̀. Eṣinṣin tó ń gbé àìsàn oorun kiri ń pa wọ́n nínú igbó, apá Àríwá ni Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti ń rà wọ́n, síbẹ̀ ó fi ẹlẹ́ṣin jagun dé ilẹ̀ Dahomey. Lónìí, Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rí ẹṣin tí wọ́n dì ní gàárì tó jojú ní gbèsè. Agbádá la máa ń wò. Bí ẹṣin bá ń fẹsẹ̀ ta ilẹ̀, tó ń ju orí, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbagada, a óò pàtẹ́wọ́ pé ó ń jó.

Ìgbà mìíràn ijó ni lóòótọ́, wọ́n kọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìjánu ń jókòó sí. Láàárín eyín iwájú ẹṣin àti eyín ẹ̀yìn rẹ̀, àlàfo kan wà tí kò sí eyín níbẹ̀, erìgì lásán lórí egungun ni. Orí erìgì yẹn àti ahọ́n ni irin náà gùn. Bí ìjánu bá ní apá irin gígùn tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, tí ẹ̀wọ̀n sì gba abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, apá irin yẹn á sọ fífà kékeré di ńlá kó tó dé ẹnu ẹṣin. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò lè fi ìka méjì darí ẹṣin pẹ̀lú rẹ̀. Ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n, tó gbé gbogbo ara kọ́ ọ nígbà tí ìbọn bá dún níbi ayẹyẹ, lè ya erìgì náà. Ẹni tí kò bá tíì lè jókòó lórí ẹṣin láì di okùn mú, kí wọ́n má fi irú ìjánu yẹn lé e lọ́wọ́.

Dókítà ẹran kan ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Sue Dyson, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àmì 24 jáde ní 2018 tí ènìyàn lè máa wò lára ẹṣin tí wọ́n ń gùn. Bí ẹ bá rí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe gan-an pé ibì kan ń dun ẹṣin náà. Díẹ̀ nínú wọn kò le láti rí: etí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tí kò padà, ẹnu tó ń là tó ń pa, funfun ojú tó hàn síta, ìrù tó ń nà bí pàṣán láìsí eṣinṣin, orí tí kò dúró sójú kan.

Ẹ̀yin ìdílé ẹlẹ́ṣin tó ń jáde ní Ojúde Ọba, ẹ mọ ẹṣin jù mí lọ. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí ọmọ tó máa gùn ún lọ́dún tó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹṣin náà rìn láti oṣù púpọ̀ ṣáájú, kí ẹ sì mú ìlù àti ariwo ìbọn wá sí etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti òkèèrè, kí ó tó di pé ó bá wọn lójú agbo. Ẹ̀yin tó sì ń lọ sí etí òkun l'Ékòó tí wọ́n ń fi ẹṣin gbé ọmọ yín fún owó, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo igun ẹnu ẹṣin náà, ẹ sì ní kí wọ́n gbé gàárì sókè kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí egbò níbẹ̀, ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó ni ín.